Ọ̀nà Rẹ Nìyí: Iṣẹ́ Ayé Mi Lójú Irin Etí Omi Ọ̀jọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì, tí ẹ ò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Mi ò ní bá yín sọ̀rọ̀ owó oṣù. Owó tí mo gbà lẹ́nu iṣẹ́, mo ti ná an; ọ̀nà ọ̀fun kì í báni tọ́jú nǹkan. Ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ kò ju ọ̀pá kan àti ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Ìtàn ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà ni mo fẹ́ sọ.

Ìfọ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ta ẹja ní Ọ̀jọ́ ló mú mi wá síbí nígbà tí irùngbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn rárá. Ọkùnrin kan wo apá mi, ó ní, “Ṣé o lè pọn omi?” Mo ní mo lè pọn ọ́n. Ó parí.

Nígbà náà, orí omi ni gẹdú ń gbà wá sí Ọ̀jọ́. Ilé ìlagi ńlá kan wà lọ́nà Ìbà, olówó rẹ̀ sì la ojú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti etí omi dé ibẹ̀, kì í ṣe rélùwéè ìjọba tí ẹ mọ̀. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn ín á lò tó wákàtí kan. Láàárín rẹ̀, ojú irin náà yí kọ́rọ́ níbi igbó ọparun kan, ẹni tó ń lọ kì í rí ẹni tó ń bọ̀. Ẹ̀ńjìnì méjì ló sì ń ṣiṣẹ́ lórí ojú irin kan ṣoṣo yìí. Èyí tó dàgbà jù, tí a ń fi àjákù pákó dáná sí nínú, là ń pè ní Ìyá Àgbà. Wọ́n máa ń ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Tiwa, ọ̀nà kan ló wọ̀ ọ́.

Ọ̀gá Tìjání, ará Ìsẹ́yìn, ló ń wa Ìyá Àgbà. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sì pọ̀. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí mi ò fọwọ́ kan ohunkóhun tó ń yí. Mò ń pọn omi, mò ń gé igi, mò ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ nu idẹ ara ẹ̀ńjìnì. Bí mo bá nù ún tí ọ̀gá ò rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀, màá tún un nù. Láàárọ̀, á ní kí n fi ìdí igi tín-ín-rín kan ti ara agbada omi tó ń hó, kí n fi etí mi ti orí rẹ̀.

“Kí ló ń sọ?”

“Ó ń hó ni, sà.”

“Ìkòkò ọbẹ̀ náà ń hó. Mo ní kí ló ń sọ?”

Ó tó ọdún kan kí n tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Bí omi bá kéré nínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ á dà bíi ti ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Mi ò lè ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Etí ló ń kọ́ ọ, ẹnu ò lè kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀pá ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀pá ìrókò kan wà tó gùn tó apá, wọ́n fi idẹ dé e lórí. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá dì í mú ló ni ojú irin. Ẹni tí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, kó dúró. Awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ mú un lórí ìṣó tí wọ́n fi í kọ́ sí. Ẹlòmíràn ni yóò fi lé e lọ́wọ́, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú pé kò sí nǹkan kan lójú irin. Bó bá ń fún un, á ní, “Ọ̀nà rẹ nìyí.” Awakọ̀ á dáhùn pé, “Ọ̀nà dọwọ́ mi.” Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ á tó mira.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí n fún ọ̀gá mi lọ́pá, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, mo tẹ̀ ba, mo ní, “Ọ̀nà yín nìyí, sà.”

Ìgbátí tó tẹ̀lé e, mo ṣì ń gbọ́ ọ títí di òní.

“Ta ni ‘yín’?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“Èmi àti ta?”

“Ẹ̀yin nìkan, sà. Àgbà ni yín.”

“Gbọ́, Àlàní. Nílé, àgbà ni mí. Lọ́jà, àgbà ni mí. Lójú irin, ẹnì kan ni mí. ‘Yín’ lè jẹ́ bàbá kan, ó sì lè jẹ́ ọkọ̀ méjì. Ọ̀nà kan, ẹnì kan. Tún un sọ.”

Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti fi pàṣán kọ́ pé kò gbọ́dọ̀ sọ “rẹ” sí ẹni tó jù ú lọ, kí ló fẹ́ sọ? Àwọn tó ń gbé gẹdú dúró tì wá, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. “Ahọ́n Àlàní ti so kókó o! Ẹ bá a wá epo pupa!” Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dúró sínú oòrùn tòun tọ̀pá títí ọ̀rọ̀ á fi jáde. Oòrùn ti kan àtàrí kí n tó lè sọ ọ́, bí ẹni ń tu egungun ẹja. “Ọ̀nà rẹ nìyí.”

“Ọ̀nà dọwọ́ mi,” ni ó wí. Ó gun ọkọ̀, ó lọ. Kò dúpẹ́, kò sì tún mẹ́nu kàn án mọ́.

Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, Sètónjí dé, ọmọ Ẹ̀gùn láti apá Àgbádárìgì. Mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú. Òun ni wọ́n fi sí ìdí ọ̀pá ní etí omi. Aláwàdà ni, ó máa ń sín àgbàlagbà jẹ tí wọ́n á fi gbàgbé ìbínú. Nígbà tí Ọ̀gá Tìjání fẹ̀yìn tì lọ sí Ìsẹ́yìn, tí Ìyá Àgbà di tèmi, Sètónjí ló ń fún mi lọ́pá láràárọ̀. “Ọ̀nà rẹ nìyí.” “Ọ̀nà dọwọ́ mi.” Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é.

Ọjọ́ kan ni bàbá ìyàwó mi wá láti Ìfọ̀ wá wo iṣẹ́ tí àna rẹ̀ ń ṣe. Mo wọ aṣọ mímọ́, mo dúró lórí ẹ̀ńjìnì bí ọba. Sètónjí gbé ọ̀pá wá, ó ní, “Ọ̀nà rẹ nìyí.” Àna mi fajú ro. Ó yí sí mi, ó ní, “Ọmọdé yìí ló ń ‘rẹ’ ẹ báyìí, níṣojú mi?” Ojú tì mí, ojú tì mí gidi.

Nírọ̀lẹ́, mo pe Sètónjí. “Láti ọ̀la lọ, ‘yín’ ni kí o máa sọ fún mi.”

“Ọ̀gá Tìjání ní ọ̀nà kan, ẹnì kan.”

“Ọ̀gá Tìjání wà ní Ìsẹ́yìn.”

Ó wò mí, ó ní, “Ó dáa, sà.” Fún oṣù bíi mélòó kan, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Nǹkan tí kò tètè ṣẹlẹ̀ ló máa ń tan èèyàn jẹ.

Ìgbà òjò ló ṣẹlẹ̀. Àwọn mẹ́rin tó ń tún ojú irin ṣe ti gbé kẹ̀kẹ́ àfọwọ́tì wọn síwájú ẹ̀ńjìnì mi, wọ́n ń dúró de àṣẹ. Sètónjí jáde láti inú ahéré tí ìṣó ọ̀pá wà, ó fi ọ̀pá lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Ọ̀nà yín nìyí, ọ̀gá.” Mo dáhùn. Mo wá rìn lọ sẹ́yìn pátápátá láti wo ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi de gẹdú. Àwọn mẹ́rin yẹn ti gbọ́ “yín.” Wọ́n rò pé gbogbo wa ló ń bá wí, pé kí àwọn ṣáájú, kí n máa bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ wọn lọ. Nígbà tí mo fi padà dé iwájú, òjò ti bò wọ́n. Mo rò pé wọ́n ti gbé kẹ̀kẹ́ kúrò lójú irin. Mo fọn fèrè, mo ṣí ọkọ̀.

Sètónjí ló rí i pé kẹ̀kẹ́ ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gé inú igbó ọparun kọjá, ó sáré pàdé wọn níbi kọ́rọ́ náà, ó ń pariwo. Mẹ́ta bẹ́ sílẹ̀. Bàtà ẹnì kẹrin há sáàárín irin. Sètónjí fa ọkùnrin náà yọ, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí mo rí láti orí ẹ̀ńjìnì kò ju ẹ̀wù funfun kan lọ. Mo tẹ bíréèkì. Gẹdú kì í gbọ́ bíréèkì.

Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ orúnkún, ló lọ.

Mo sọ fún ọ̀gá ilé iṣẹ́ pé èmi ni mo yí ọ̀rọ̀ padà. Wọ́n gba ẹ̀ńjìnì lọ́wọ́ mi fún ọdún kan, mo padà sídìí omi pípọn. Nígbà tí mo wọ ilé ìwòsàn tí mo dúró tì bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, Sètónjí la ojú, ó ní, “Ha, Ọ̀gá Yín! Ẹ káàbọ̀.” Ó ń rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí mò ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ náà nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀, tí a wá ń pè ní Ìyá Màùtín lẹ́yìn tó bímọ, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, “Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gé ẹsẹ̀ ọkọ mi.” Ẹyin lohùn. Kò tún fẹsẹ̀ kan ahéré ọ̀pá mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yára lórí èyí tó tẹ̀lé e. Wọ́n mú ẹ̀ńjìnì dísù wá, èyí tí kò sí ohun tí etí ń gbọ́ nínú rẹ̀ ju ariwo lọ. Lẹ́yìn náà tírélà gba gẹdú lọ́wọ́ ojú irin. Lẹ́yìn náà gẹdú fúnra rẹ̀ ò wá mọ́. Wọ́n ta ẹ̀ńjìnì dísù, wọ́n hú èyí tó pọ̀ jù nínú irin, ilé ìlagi dákẹ́. Ìyá Àgbà nìkan ló kù lábẹ́ páànù, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ gẹdú mẹ́ta àti ìwọ̀nba ojú irin láti etí omi dé ẹ̀yìn igbó ọparun.

Nígbà tí olówó ilé ìlagi kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Rónkẹ́, pe àwa òṣìṣẹ́ àtijọ́ méje tó kù. A bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí a máa tọ́jú ẹ̀ńjìnì náà lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn èèyàn máa wá wò ó. Ó ní, “Bí èèyàn bá ń wá, ẹ máa wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí èèyàn ò bá wá mọ́, màá fi ilẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn. Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá mi.” A ò bínú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání.

Ẹ ò lè mọ bó ṣe ń rẹni tó láti wá èèyàn wá wo nǹkan tí ẹ fẹ́ràn. A kọ́ pátákó sójú títì Ìbà. Ewúrẹ́ ló ń fara yun ún. A tẹ ìwé pélébé, mo gbé e lọ sí Ọjà Àlàbá. Ọ̀gbẹ́ni Emeka, ọmọ Ìbò kan tó ń tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe, ló kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ mi.

“Baba, ọkọ̀ yìí, ibo ló ń lọ?”

“Ó ń lọ síbi ọparun, á sì padà.”

“Kí ló wà níbi ọparun?”

“Ọparun ni.”

Ó pariwo pe àwọn ọlọ́jà yòókù. “Ẹ wá gbọ́ o! Baba fẹ́ kí n sanwó kó gbé mi lọ, kó tún gbé mi padà síbi tí mo wà!” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe?

Nígbà Iléyá, ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àgbò ní Àlàbá Rágo gbà láti wọ̀ ọ́ tòun tàgbò. Mo fọn fèrè. Àgbò já okùn, ó bẹ́ sínú ọ̀sà. Wákàtí méjì la fi wá a. Àwọn tó wá wo bí a ṣe ń lé àgbò lọ́jọ́ náà pọ̀ ju àwọn tó ti wá wo ọkọ̀ láti ọdún méjì lọ. Sètónjí jókòó sórí gẹdú kan pẹ̀lú ẹsẹ̀ igi rẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá Yín, ẹ jẹ́ ká pa ti ọkọ̀ tì, ká máa ra àgbò.”

Ìyàwó ilé kan ló ṣí wa lójú. Òun àti ọkọ rẹ̀ àti bàbá ọkọ rẹ̀ wá láti Navy Town. Bàbá náà ní òun fẹ́ dúró níbi tí awakọ̀ ń dúró. Ìyàwó náà bẹ̀ wá pé kí òun fi ọ̀pá lé àna òun lọ́wọ́. Sètónjí kọ́ ọ lọ́rọ̀. Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. “Háà! Bàbá ọkọ mi kẹ̀? Kí n sọ pé ‘rẹ’?” Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó tún kúnlẹ̀. Níkẹyìn ó di ojú, ó ní, “Ọ̀nà rẹ nìyí!” ó sì sá. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, fìlà bọ́ lórí rẹ̀. Ọkọ obìnrin náà ti fi fóònù gbà á sílẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ káàkiri.

Lọ́sẹ̀ kejì, èèyàn tò láti ahéré dé etí omi. Níbo lẹ tún ti lè sọ “rẹ” sí àgbà l'Ékòó yìí tí wọn ò ní gbá yín létí? Ọmọ ilé ìwé ń sọ ọ́ sí olùkọ́. Àwọn aláṣọ funfun láti ìjọ kan ní Okokomáìkò mú wòlíì wọn wá, wọ́n sọ ọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Emeka mú ìyàwó àti ọmọ wá, ọ̀rọ̀ náà kò yé e. “Ní ìlú wa, bí a ṣe ń bá bàbá wa sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kí lẹ wá ń rẹ́rìn-ín sí?” Owó tíkẹ́ẹ̀tì ń ra ọ́ìlì, ó ń ra páànù. Ní gbogbo Sátidé, kí àlejò kankan tó dé, Sètónjí á ti fi ẹsẹ̀ igi rẹ̀ rin ojú irin náà já, lọ àti bọ̀; ẹ̀rí rẹ̀ ni àwọn àlejò fi ń sọ ọ̀rọ̀ náà. Mo sọ fún un pé kò sí ọkọ̀ mìíràn mọ́, kí ló ń wá? Ó ní, “Ẹsẹ̀ mi kejì ni mò ń wá.”

Òpó rélùwéè tuntun wá ga lọ́nà Okokomáìkò, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí la tún ń fi ti àtijọ́ ṣe. Àwa méje sì ń dín kù. Ọmọ ẹnì kan wá mú un lọ sí Abẹ́òkúta. Mẹ́rin kú. Ìyàwó tèmi ti lọ ṣáájú wọn, àwọn ọmọ mi wà lókè òkun, inú fóònù la ti ń ríra. Ó ku èmi àti Sètónjí. Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá yìí, òun náà sùn, kò jí.

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè ṣàárò èébú. Mo lè jókòó lábẹ́ páànù láti àárọ̀ kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní Ọ̀gá Yín. Àwọn aládùúgbò ní Ìbà ń kí mi, “Ẹ kú ilé, sà, ṣé dáadáa lẹ wà?” “Yín,” “ẹ,” “wọ́n.” Gbogbo wọn ń pè mí ní púpọ̀, èmi nìkan ni mo sì wà nínú yàrá.

Àǹtí Rónkẹ́ pè lórí fóònù. “Bàbá, mo gbọ́ pé ọkọ̀ ò rìn láti ìgbà tí bàbá yẹn ti kú. Màá wá ní Sátidé. Bí mo bá rí èèyàn tó wọ ọkọ̀, ó dáa. Bí mi ò bá rí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa.”

Mo rìn. Mo dé Àlàbá, mo dé Navy Town, mo dé ilé ìjọsìn mẹ́rin. Ní Sátidé, èèyàn bí ogún wá, Emeka wà lára wọn. Mo ti rin ojú irin ní kùtùkùtù, mo ti dáná. Ìyá Àgbà ń hó, mo fi igi sétí, ohùn rẹ̀ dáa. Àǹtí Rónkẹ́ jókòó síwájú. Ọ̀pá wà lórí ìṣó.

Mo dúró níwájú ìṣó náà, ọwọ́ mi ò gbéra.

“Bàbá, ẹ mú un, ká máa lọ,” ni Àǹtí Rónkẹ́ wí.

“Mi ò lè fọwọ́ ara mi mú un.”

“Baba, jẹ́ kí n bá ẹ mú un,” ni Emeka wí.

“Ṣé o ti rin ọ̀nà náà?”

“Ọ̀nà wo? Ṣé mi ò rí i níbí ni?”

“O ò rí ẹ̀yìn ọparun.”

“Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ti rìn ín láàárọ̀,” ni Àǹtí Rónkẹ́ wí. Ó ti ń wo aago.

“Mo rìn ín. Ẹni tó ń wakọ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń lọ. Mo mọ ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Gbogbo ohun tó kù fún mi láyé ló wà lórí irin yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo yí òfin náà padà, ẹ ti gbọ́ ohun tó gbà.

Ìgbà náà la rí ẹnì kan tó ń bọ̀ láti ibi kọ́rọ́, tó ń tẹ àárín irin bọ̀, tó ń wọ́ nǹkan nílẹ̀. Ìyá Màùtín ni, nínú aṣọ dúdú opó, imọ̀ àgbọn gígùn kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ju imọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ó dábùú irin lẹ́yìn ọparun.”

“Kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo rìn ín.”

“Ó wà níbẹ̀ nígbà tí mo rìn ín. Mo rí èéfín láti ilé. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa fún yín lọ́pá.”

Ó wọ ahéré tí kò wọ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó mú ọ̀pá kúrò lórí ìṣó. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò “rẹ” mí rí.

“Ọ̀nà rẹ nìyí,” ni ó wí. “Ọ̀gá Yín.”

Mo gbà á, mo ní, “Ọ̀nà dọwọ́ mi.”

A lọ, a bọ̀. Nígbà tí Àǹtí Rónkẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ní, “Mo rí èèyàn, Bàbá. Ó di ọdún tó ń bọ̀.” Ìyá Màùtín ti gbé ọ̀pá kọ́ padà. Ó ní, “Ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni. Màùtín ń bọ̀ wá mú mi lọ sí Àgbádárìgì.” Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó lọ.

Sátidé mẹ́ta nìyí tí mò ń dáná. Àlejò ń dé, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń béèrè ìgbà tí ọkọ̀ máa gbéra, wọ́n ń lọ. Ọdún tí wọ́n fún mi ń jẹ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, mi ò ní kí ẹ wá wakọ̀. Mò ń wá ẹni tí yóò fẹsẹ̀ rin ojú irin kan tí kò jìnnà, ní àárọ̀ Sátidé, kó sì sọ òótọ́ ohun tó rí. Kò sí owó níbẹ̀. Bí ẹ bá dé, ẹ má dọ̀bálẹ̀, ẹ má kúnlẹ̀. Ẹ mú ọ̀pá kúrò lórí ìṣó, ẹ wò mí lójú, ẹ sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà bí mo ṣe kọ ọ́ síhìn-ín, ẹ má fi “yín” sí i.

Ẹnì kan ni mí.